Wọ́n gbà mí sí láàbù kan ní Okinawa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. IT mi ńkọ́? Màmá mi ńkọ́?

AṣàkẹBiochem

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ má bínú. Biochemistry ni mò ń kà, ọdún kẹta nínú mẹ́rin, yunifásítì ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá níbí. Ìgbà kan tí ilé-ìwé wà ní títì, tí mo jókòó sílé tí mò ń fi dẹ́tà ṣòfò, ni mo rí i pé OIST, yunifásítì kan báyìí ní erékùṣù Okinawa ní Japan, máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè yòówù kí wọ́n wá bá wọn ṣiṣẹ́ nínú láàbù fún oṣù díẹ̀. Mo kọ fọ́ọ̀mù yẹn bí ẹni ta tẹ́tẹ́ ni, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ìgbà tí mo ti gbàgbé ni wọ́n pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí Zoom, iná lọ lẹ́ẹ̀mejì ká tó parí, mo ní ó ti bọ́ nìyẹn. Àfi bó ṣe di àná tí lẹ́tà wọlé: wọ́n gbà mí, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n á san tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, wọ́n á fún mi nílé, wọ́n á sì máa fún mi ní 2,400 yẹ́ẹ̀nì lójúmọ́.

Mi ò sùn fún ayọ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ tán ni ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Ohun àkọ́kọ́, àsìkò yẹn gan-an ló bọ́ sí IT wa, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, oṣù mẹ́fà, ẹni tí ò bá ṣe é kò ní gboyè. Ìkejì ni màmá mi. Wọ́n ní "Japan? Ta lo mọ̀ níbẹ̀?" Wọ́n ní ṣé mi ò gbọ́ ìtàn àwọn ọmọ tí wọ́n ní iṣẹ́ ń dúró dè lókè òkun ni. Ìkẹta ni mi ò lè sọ fún ará ilé: ẹ̀yin ará, mi ò di pípẹ́ẹ̀tì kékeré yẹn mú rí, micropipette, èyí tí wọ́n fi ń fa omi tíntìntín nínú láàbù. A lé ní igba nínú kíláàsì, méjì péré ló ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ń darí wa ló máa ń dì í mú, àwa á máa nàgà wò ó láti ẹ̀yìn. Èmi ni wọ́n máa ń ní kí n kọ àbájáde sílẹ̀ torí ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Ṣé wọn ò ní dá mi padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan báyìí?

IbadanGel

Ẹ̀rín pa mí níbi "àwa á máa nàgà wò ó". Tiwa, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n tì í mọ́, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti fẹ̀yìn tì. Lọ jàre àbúrò mi.

Òṣùpá_Onna

Àṣàkẹ́, kú oríire o! Mo ti wà níbẹ̀ rí, sọ́mà kan, láàbù tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí coral ni mo wà, àwọn ẹran òkun tíntìntín tó máa ń kọ́lé bí òkúta yẹn. Àwọn ará ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ka jínóòmù coral kan (gbogbo DNA ẹ̀) láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, Acropora digitifera, ní 2011, ọdún yẹn náà sì ni OIST di yunifásítì.

Ọ̀rọ̀ pípẹ́ẹ̀tì ni màá kọ́kọ́ mú torí òun ló dójú tì mí jù. Èmi ò sọ fún wọn pé mi ò mọ̀ ọ́n lò, mo ń ṣe bí ọ̀gá. Gbọ́, bọ́tìnnì orí ẹ̀ ní ibi ìdúró méjì. Tó o bá fẹ́ fa omi, wàá tẹ̀ ẹ́ dé ìdúró àkọ́kọ́ kí ẹnu ẹ̀ tó wọ omi, wàá wá rọra tú u sílẹ̀. Tó o bá fẹ́ tú u jáde, ìgbà yẹn ni wàá tẹ̀ ẹ́ kọjá dé ìkejì kó lè jáde tán. Èmi, ìkejì ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́ dé kí n tó fa nǹkan, nítorí náà gbogbo ohun tí mo wọ̀n ló pọ̀ jù, ọjọ́ méjì gbáko. Ọmọ Taiwan kan tó ń ṣe PhD níbẹ̀ wò mí títí, kò bú mi, ó kàn lọ gbé ìwọ̀n wá, ó ní kí n máa fa omi 1,000 máíkírólítà sórí ẹ̀, mi ò gbọdọ̀ dìde títí á fi jẹ́ gíráàmù 1 nígbà mẹ́wàá léraléra. Ìrọ̀lẹ́ kan ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ìrọ̀lẹ́ kan péré! Ká ní mo ti sọ òótọ́ lọ́jọ́ tí mo dé ni, mi ò ní ba enzyme olówó gegere wọn jẹ́. Torí náà ohun tó o kọ síbí yìí gan-an, kọ ọ́ sí ẹni tó ń gbà ọ́ sí láàbù. Wọ́n mọ ibi tó o ti ń bọ̀, fọ́ọ̀mù ẹ ṣáà wà lọ́wọ́ wọn.

Èkejì, má lọ máa rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá á mú nǹkan ńlá jáde. Nínú PCR, ọ̀nà tí a fi ń sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀, a máa ń ní túùbù kan tí a ò ní fi DNA sí, omi lásán, kó lè jẹ́rìí pé ìdọ̀tí ò wọlé. Túùbù ẹlẹ́rìí yìí kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan hàn lórí jẹ́ẹ̀lì tí a fi ń wo èsì. Tèmi, òun ló ń tàn jù! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo pààrọ̀ primer, mo pààrọ̀ ẹ̀rọ, mo gbààwẹ̀. Àṣé omi tí mò ń lò ni, èmi fúnra mi ni mo ti ti pípẹ́ẹ̀tì tó kan DNA bọ inú ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo da á nù, mo gba òmíràn, ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí omi.

Oúnjẹ ńkọ́? Ṣé o mọ ejìnrìn, tí wọ́n fi ń po àgbo? Èso ẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ní Okinawa bí ẹni jẹ ilá, gōyā ni wọ́n ń pè é, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ẹyin àti tófù dín in pọ̀ (tófù yẹn, béskè náà ni, ará Ìlọrin á mọ̀ ọ́n). Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò mo rò pé wọ́n rí àìsàn kan lára mi. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì èmi ni mò ń béèrè ẹ̀. Orí òkè ni ilé-ìwé náà wà láàárín igbó, òkun wà nísàlẹ̀, ó rẹwà débi pé wàá fẹ́ sunkún, àmọ́ bọ́ọ̀sì kì í sábà wá, kó o sì má máa rìn nínú koríko lálẹ́, ejò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ habu, olóró ni. Tàífúùnù nìkan lo ò tíì rí rí, ìjì tí á fẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ tí gbogbo ilẹ̀kùn á máa dún. Ra oúnjẹ sílé kó tó dé.

ỌmọHoward_MD

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, àmọ́ ẹ fojú fo àṣìṣe Yorùbá mi o, Maryland ni wọ́n bí mi sí, ìyá àgbà ló kọ́ mi lédè. Biology ni mò ń kà ní Howard, yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington. Sọ́mà tó kọjá mo lọ sí Woods Hole ní Massachusetts, ní MBL, ilé ìwádìí ẹran omi tó ti wà láti 1888. Kì í ṣe òkè òkun fún mi, àmọ́ ó jìnnà sílé, ó sì jọ òkè òkun torí mi ò rí ata rà.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni ẹyin sea urchin. Ẹran òkun kan báyìí, roboto, ẹ̀gún bò ó bí òòrẹ̀. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fún un ní potassium chloride, á wá tú ẹyin sílẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye. Tó o bá kán àtọ̀ akọ sí i lábẹ́ máíkírósíkóòpù, kò tó ìṣẹ́jú kan tàbí méjì tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á dìde yí ẹyin ká kí àtọ̀ mìíràn má lè wọlé mọ́. Mo ti kà á nínú ìwé láti àìmọye ìgbà. Ọjọ́ tí mo fojú rí i mo pariwo, àwọn tó kù nínú láàbù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní gbogbo èèyàn ló máa ń pariwo.

Ohun tí mi ò mọ̀ kí n tó lọ ni pé olùkọ́ Howard kan ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn gan-an níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá àgbà mi. Ernest Everett Just. Láti 1909 ló ti ń lọ sí Woods Hole, ó tó ogún sọ́mà, ẹyin kòkòrò òkun àti ẹyin sea urchin yìí ló ń wò, òun náà sì ṣàlàyé bí awọ ẹyin ṣe ń dìde. Ní 1915 òun ni NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, kọ́kọ́ fún ní àmì ẹ̀yẹ wọn, Spingarn Medal. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, kò sí yunifásítì aláwọ̀ funfun tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ torí àwọ̀ ẹ̀. Ìgbà tó yá ó ní òun ò ṣe mọ́, ó gba Naples lọ ní 1929, ó lọ sí Berlin lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó wá fi ìdí kalẹ̀ sí Faransé. Ìgbà tí àwọn Jámánì wọ Faransé ní 1940, wọ́n tì í mọ́lé. Ó jàjà bọ́ padà sí Washington, àìsàn sì pa á ní 1941. Àbúrò mi, mò ń sọ èyí torí ìwọ rò pé pípẹ́ẹ̀tì ló máa jẹ́ kí wọ́n lé ẹ. Tèmi, ìjókòó níbi tó jókòó sí, tí mò ń wo nǹkan tó wò, ló mú un yé mi pé èmi náà kì í ṣe àlejò níbẹ̀.

F1_nìṣòro

Ẹ̀yin ará Howard ẹ ṣé o, ẹ gbádùn REU yín, iṣẹ́ láàbù ìgbà sọ́mà tí wọ́n ń sanwó ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà. Èmi náà wà ní Amẹ́ríkà, físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, ni mo gbé wá, gbogbo ibi tí mo ti fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù REU, owó NSF ni, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ìwádìí, "ọmọ onílẹ̀ tàbí oní green card nìkan". Mo ka ìlà yẹn títí mo fi kà á sórí. Sọ́mà méjì ni mo fi ń sunkún kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé kí n lọ bá pọ́ọ̀fù tó ń kọ́ mi ní Genetics, bóyá ó lówó ìwádìí tirẹ̀. Ó lówó. Wọ́n jẹ́ kí oní F-1 ṣiṣẹ́ nínú ilé-ìwé tirẹ̀, ogún wákàtí lọ́sẹ̀ tí ilé-ìwé bá wọlé, àmọ́ tí wọ́n bá gba ìsinmi o lè ṣe é ní odindi. Àwọn eku inú láàbù ni mo fi sọ́mà yẹn tọ́jú. Mo mọ orúkọ gbogbo wọn.

IgiÀràbà

Ẹ má bínú o, èmi ò rí ohun tí gbogbo yín ń yọ̀ sí. Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní Okinawa tí ò sí níbí? IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà n'Ìbàdàn láti 1967, ẹ̀wà nìkan tí wọ́n kó pa mọ́ síbẹ̀ ó lé ní 15,000 irú, kò sí ibi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé. ACEGID, ilé ìwádìí jínóòmù àwọn kòkòrò àrùn, wà ní yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, àwọn ló kọ́kọ́ ka jínóòmù kòrónà ní ilẹ̀ Áfíríkà, March 2020, nígbà tí gbogbo ayé ṣì ń fọwọ́ mú orí. Ọmọ á lọ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá jẹ ejìnrìn, ó máa padà dé, kò ní í gbádùn ibí mọ́, ọdún méjì lẹ́yìn náà a ò ní rí i mọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ síbi tí ọ̀rọ̀ wà.

IbadanGel

Ẹ̀gbọ́n Àràbà, òótọ́ lẹ sọ nípa IITA, mo ṣe IT mi níbẹ̀. Àmọ́ ṣé ẹ mọ iye àwa tí a kọ̀wé síbẹ̀ àti iye tí wọ́n mú? Àwọn ẹgbẹ́ mi tó kù, ilé-iṣẹ́ tó ń po omi inú ọ̀rá ni wọ́n ti ṣe IT, oṣù mẹ́fà, wọ́n ń ka báàgì. Ẹlòmíràn wà tó ń ra oúnjẹ ọ̀sán fún ọ̀gá. Tí ibí bá gbà wá tán ta ló máa gun bàálù? Ẹ wá tún gbọ́, IITA yẹn gan-an, àlejò pọ̀ níbẹ̀, ọmọ Belgium kan bá mi ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí ẹ̀gẹ́, òun náà ni "òkè òkun" ló wá. Ìyẹn ò bí yín nínú?

IgiÀràbà

Ìyẹn ò bí mi nínú. Ẹ̀gẹ́ wa ló wá kọ́. Ó dáa, mo gbọ́, àmọ́ kó padà wá o.

Tádé_Manchester

Àwa tí a ń kàwé ní UK náà ní ọ̀nà kan, DAAD, àjọ tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ní Jámánì, ní ètò kan tó ń jẹ́ RISE, akẹ́kọ̀ọ́ láti Amẹ́ríkà, Kánádà, UK àti Ireland ni wọ́n ń gbà, wọ́n á so ẹ́ mọ́ ẹnì kan tó ń ṣe PhD kó o máa bá a ṣiṣẹ́. Chemistry ni tèmi. Mi ò ní sọ ìlú tí mo wà torí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa onílé mi kò dáa (ó ka iye ìgbà tí mo wẹ̀). Ọjọ́ Sunday gbogbo ṣọ́ọ̀bù á tì pa, ebi pa mí ní Sunday àkọ́kọ́ débi pé bisikíìtì nìkan ni mo jẹ. Tó o bá ra omi, wọ́n á gba 25 sẹ́ǹtì lé owó ìgò, tó o bá dá ìgò padà wọ́n á dá a padà fún ẹ, mo wá di ẹni tó ń fi ìgò òfìfo ra búrẹ́dì.

Àmọ́ ohun tó ṣòro fún mi jù kì í ṣe oúnjẹ, ẹnu ni. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Àgbà ń sọ̀rọ̀, ọmọdé dákẹ́. Wọ́n ní kí n máa pe pọ́ọ̀fù ní orúkọ àbísọ ẹ̀, ọkùnrin tó ti hewú! Ọ̀sẹ̀ méjì mi ò pè é ní nǹkan kan, màá kàn dúró sí ẹnu ọ̀nà títí á fi gbójú sókè. Ní ìpàdé láàbù, ní gbogbo Monday, wọ́n á sọ̀rọ̀ wọ́n á sọ̀rọ̀, èmi á máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí akọ̀wé. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mò ń fún wọn. Ó di ọjọ́ kan, ẹni tí mò ń bá ṣiṣẹ́ pè mí sẹ́yìn, ó ní ṣé iṣẹ́ náà kò wù mí ni, torí mi ò bi wọ́n ní ìbéèrè kankan rí. Ó dùn mí! Dídákẹ́ tí mo dákẹ́ lójú wọn ni pé orí mi ṣófo. Monday tó tẹ̀ lé e mo béèrè ìbéèrè kan, ohùn mi ń gbọ̀n, mo ní kí ló dé tí a fi ń gbé ohun tí à ń pò gbóná dé digirí 80 nígbà tí ó ti ń bàjẹ́ ní 70. Wọ́n dákẹ́ gbogbo wọn. Mo ní mo ti kú. Pọ́ọ̀fù wá ní, "Kí ló dé lóòótọ́?" Kò sẹ́ni tó mọ̀, ẹnì kan ló ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé láàbù láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n ń tẹ̀ lé e. A gbé e wá sí 65, ohun tí à ń rí pọ̀ sí i. Àṣàkẹ́, tó o bá dé ibẹ̀, ní gbogbo ìpàdé, ìbéèrè kan. Kódà tí ó bá dà bí ìbéèrè òmùgọ̀.

Òpin sọ́mà DAAD kó gbogbo àwa RISE jọ sí Heidelberg. Ọmọ Yorùbá mẹ́ta la bá ara wa níbẹ̀, a jọ wá ilé oúnjẹ Áfíríkà kiri, ti Eritrea la rí. A jẹ ẹ́.

KétuPhysique

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Èmi láti Kétu ni o, ní Benin, mo ka Físíìkì ní Dangbo, ní IMSP, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣirò àti físíìkì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Porto-Novo. Àwa, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wa, ìyẹn ni gbogbo wa ṣe ń wo Paris. Mo wá gbọ́ nípa ICTP, ilé ẹ̀kọ́ físíìkì kan ní Trieste ní Ítálì, èyí tí Abdus Salam, onímọ̀ físíìkì ọmọ Pakistan, dá sílẹ̀ ní 1964 kí àwọn bíi tiwa lè ráyè wá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò níbẹ̀, kíláàsì ni, kì í ṣe láàbù. Etí òkun ló wà, ààfin kan tó ń jẹ́ Miramare wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àmọ́ físà! Ọ́fíìsì kan ní kí n mú ìwé kan wá, mo mú un wá, wọ́n ní ọjọ́ ti kọjá lórí ẹ̀, mo gba òmíràn, ọjọ́ tí físà jáde ni ọjọ́ tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀. Mo dé lọ́jọ́ kẹta. Torí náà àbúrò, má sùn lé físà. Lónìí ni kó o bẹ̀rẹ̀.

Òṣùpá_Onna

Kétu sọ òótọ́. Tèmi, Abuja ni mo ti gba ti Japan, OIST ló fi àwọn ìwé tí mo máa kó lọ ránṣẹ́. Wá yẹ́lò káàdì ẹ náà sílẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_RN

Àṣàkẹ́ ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Èmi kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ mi ló fi ibí hàn mí. Ẹ̀yin ọmọ ti sọ̀rọ̀ pípẹ́ẹ̀tì, ẹ ti sọ̀rọ̀ ẹyin, ẹ fi ìyá sílẹ̀. Ẹ̀rù tó ń ba màmá ẹ kì í ṣe ẹ̀rù lásán o, mo mọ ọmọ ará àdúgbò wa kan tí wọ́n ní iṣẹ́ ilé ìtajà ló ń lọ ṣe. Nítorí náà má bá a jiyàn. Jókòó tì í, tẹ lẹ́tà náà jáde sórí ìwé, kó o kà á fún un ní Yorùbá láti òkè délẹ̀. Fi ímeèlì yẹn hàn án kó rí i pé oist.jp ló parí sí, kì í ṣe ti ẹni tó ń lo Gmail. Sọ fún wọn ní Japan pé màmá ẹ fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, èmi ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ mi ń lọ, mo bá oyinbo sọ̀rọ̀ lójú fóònù, mo ní "kí lẹ máa fún un jẹ?" Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dáhùn. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ kò ju ìyẹn náà lọ.

Òjòwú_Físà

Ẹ jẹ́ n tún fi ti èmi kún un. Owó ni kẹ́ ẹ máa wò. Ibi tó fẹ́ kó o ṣiṣẹ́ nínú láàbù kì í gba owó lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á fún ẹ ni. Àwọn kan wà tó ń pe ara wọn ní sọ́mà sikúùlù àgbáyé, lẹ́tà wọn rẹwà, àmì ńlá wà lórí ẹ̀, ìpínrọ̀ kẹrin lo máa rí i pé wọ́n ní kó o san owó ìforúkọsílẹ̀ ní dọ́là kí àyè ẹ má baà bọ́. Bàbá mi ta ilẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Olùkọ́_Kẹ́mísírì

Òjòwú, pẹ̀lẹ́. Ó dùn mí láti gbọ́ ọ.

Àṣàkẹ́, ọ̀rọ̀ IT ẹ. Mo ti bá wọn bójú tó SIWES, ètò tí IT wà lábẹ́ ẹ̀, ní ẹ̀ka tiwa fún ọdún bíi mélòó kan, ètò náà ti wà láti 1973, ITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́, ló dá a sílẹ̀ torí àwọn ilé-iṣẹ́ ń pariwo pé àwọn tó ń gboyè kò mọ iṣẹ́ ọwọ́. Ṣé o rí i, ohun tí ìwọ ń bẹ̀rù nípa pípẹ́ẹ̀tì gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀! Ní ẹ̀ka tiwa ẹnì kan ti pín tirẹ̀ sí méjì rí, ó ṣe apá kan lókè òkun, ó parí ìyókù nílé. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni pé ó wá bá wa kó tó lọ. Ẹni tó bá lọ tán kó tó wá bẹ̀bẹ̀, wọn ò ní gbọ́. Mú lẹ́tà yẹn lọ bá ẹni tó ń bójú tó IT yín, kí HOD, olórí ẹ̀ka yín, náà fọwọ́ sí i. Gbé lọ́gíbúùkù ẹ dání, máa kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí i ní Japan bí ẹni wà nílé, kí ọ̀gá ibẹ̀ máa fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó máa ya ọ̀gá yẹn lẹ́nu díẹ̀, jẹ́ kó yà á lẹ́nu.

Mo tún fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tó kù: ẹ jẹ́ kí àwa olùkọ́ kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí yín fúnra wa. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa á ní "lọ kọ ọ́ wá kí n fọwọ́ sí i". Ẹ má fara mọ́ ọn wẹ́rẹ́. Lẹ́tà tí ọmọ fúnra ẹ̀ kọ, "akíkanjú àti olùbẹ̀rù Ọlọ́run ni", kò sí ohun tó máa sọ fún ẹni tó wà ní Jámánì. Ẹ kọ nǹkan mẹ́ta tí ẹ ti ṣe nínú kíláàsì wa sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ mú un wá, torí àwa náà, ẹ ń pọ̀, a máa ń gbàgbé.

AṣàkẹBiochem

Ẹ ṣé ẹ ṣé ẹ ṣé. Ẹ̀yin màmá àti ẹ̀yin olùkọ́, mo kúnlẹ̀. Mo máa padà wá sọ bó bá ṣe rí.

AṣàkẹBiochem (ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà)

Mo ti dé o. HOD wa kò gbà lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní kò sí irú ẹ̀ rí. Mo sọ ohun tí Olùkọ́_Kẹ́mísírì wí, pé kí n pín in, mo sì gbé lọ́gíbúùkù síwájú wọn. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́. Wọ́n fọwọ́ sí i pẹ̀lú báírò pupa, mi ò mọ ohun tí pupa túmọ̀ sí àmọ́ wọ́n fọwọ́ sí i.

Mo kọ̀wé sí obìnrin tó máa gbà mí ní láàbù, mo sọ òótọ́ fún un pé mi ò di pípẹ́ẹ̀tì mú rí. Èsì ìlà méjì ló fi ránṣẹ́, ó ní ọjọ́ Monday àkọ́kọ́ jẹ́ ti pípẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ẹni tuntun, ó ní òun náà kò dì í mú rí títí òun fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Mo ka ìlà kejì yẹn bíi ẹ̀ẹ̀mẹwàá.

Láàbù kékeré kan wà ní àdúgbò wa tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, mo lọ bẹ̀ wọ́n. Ọ̀gbẹ́ni ibẹ̀ ní kí n máa wá ní ìrọ̀lẹ́ tí oníbàárà bá ti lọ tán. Omi ni mò ń fà o, omi lásán, sórí ìwọ̀n wọn. Lánàá mo gba 0.998 nígbà mẹ́fà léraléra kí iná tó lọ.

Màmá mi bá ọ̀fíísì OIST sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè, Ìyá_Ìbejì ẹ máa rẹ́rìn-ín, ni "kí lẹ máa fún un jẹ?" Mi ò sọ fún wọn pé ẹ̀yin náà ti bi irú ẹ̀ rí. Àti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń kó ẹrù. Èlùbọ́, gààrí, iyọ̀, pọ̀nmọ́ gbígbẹ, kílíṣí tí wọ́n rán ẹnì kan lọ rà ní Sábó. Ẹ̀gbọ́n Òṣùpá, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n kó o kọjá?

Òṣùpá_Onna

Pọ̀nmọ́ ati kílíṣí, rárá. Japan ò gba ẹran kankan lọ́wọ́ èrò tó ti Nàìjíríà wá, gbígbẹ tàbí tútù, ajá tó ń gbóòórùn máa ń wà ní pápákọ̀, mo ti rí i tó jókòó ti báàgì ẹnì kan. Gbogbo oúnjẹ tó kù, sọ fún wọn pé ó wà nínú báàgì ẹ, má fi pa mọ́.

AṣàkẹBiochem

Mo sọ fún wọn. Wọ́n bá mi tú báàgì, wọ́n kó pọ̀nmọ́ jáde, wọn ò sọ̀rọ̀. Ìgbà tó yá mo rí wọn lórí fóònù mi, wọ́n ń wo àwòrán èso ejìnrìn, wọ́n ní ṣé èyí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n ní ó wà lẹ́yìn ilé wa.

IgiÀràbà

Ẹ bá mi kí màmá. Kó padà wá o.